Orin Fúnmiláyọ̀, Ìwé Mọlará

Ẹni tó bá ní Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kì í ṣe akéwì kò purọ́. A kò mọ̀ ọ́n mọ́ ìwé ewì. Owó orí, ìwọ́de àti ìṣèlú la mọ̀ ọ́n mọ́, àti mọ́tò tí wọ́n ní òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wà á ní Nàìjíríà. (Ọ̀rọ̀ mọ́tò yìí ló máa ń kún ẹnu àwọn ọmọ ilé ìwé, bẹ́ẹ̀ òun ló kéré jù nínú ohun tí obìnrin náà gbé ṣe.) Mọlará Ògúndípẹ̀ ní tirẹ̀, akéwì ni láìsí àríyànjiyàn. Ìwé ewì rẹ̀, Sew the Old Days and Other Poems, jáde ní 1985, àwọn tó ń ṣa ewì àwọn obìnrin Áfíríkà jọ kì í sì í fo orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá ń wá ewì tó lé ọba kúrò láàfin, ọ̀dọ̀ ẹni tí kò pe ara rẹ̀ ní akéwì la ó ti bá a.

Ohun tó mú mi gbé àwọn méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kan nìyẹn. Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi wọ́n kò ju ẹyọ kan lọ: nínú iṣẹ́ wọn, èwo ni obìnrin tó ń gbé Sango-Ọ̀tà lónìí lè mú lò? Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kò tọ́ ká máa fi àgbà wé àgbà, pé ìgbà tí Fúnmiláyọ̀ lò kọ́ ni Mọlará lò. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ ra àdá lọ́jà á kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò tọ́ ojú rẹ̀ wò.

Kò sí ọmọ Ọ̀tà nínú wọn. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Fúnmiláyọ̀ sí ní oṣù kẹwàá ọdún 1900, nínú ìdílé Thomas. Ìlú òyìnbó tó lọ kàwé ló là á lójú tó fi gbé Frances àti Abigail tí wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tì, tó ní Fúnmiláyọ̀ ni kí wọ́n máa pe òun. Èkó ni wọ́n bí Mọlará sí ní ìparí ọdún 1940. Ó gba oyè ipò kìíní nínú ìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn ní 1963, ó kọ́ni nílé, ó kọ́ni lẹ́yìn odi, Ìjẹ̀bú-Igbó ló sì kú sí ní oṣù kẹfà ọdún 2019.

Ṣùgbọ́n Ọ̀tà lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ wọn. Láyé òyìnbó, abẹ́ ìṣàkóso Ẹ̀gbá ni Ọ̀tà wà, ohun tí wọ́n bá sì pinnu ní Aké, níbi tí ààfin Aláké, ọba Ẹ̀gbá, wà ní Abẹ́òkúta, kò lè ṣe kó má kàn án. Ìyẹn nìkan kọ́. Agbègbè tí à ń pè ní Adó-Odò àti Ọ̀tà lónìí, tí ìjọba so pọ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ kan ní 1989, ó ní ọ̀rọ̀ àtọdúnmọ́dún láàrin òun àti obìnrin. Nínú ẹsẹ Ifá, Ọ̀tà ni ìlú àwọn ẹlẹ́yẹ, àwọn Ìyàmi tí a kì í dárúkọ láìjúbà. Ní Adó-Odò, Odùduwà tí gbogbo Yorùbá ń pè ní bàbá, ìyá ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí lójúbọ. Àwọn Àwórì Ọ̀tà náà ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́: géńdé ọkùnrin á ró ìró, á so ọmú igi mọ́yà, á di ìdí kó tóbi, á wá máa fi ẹsẹ̀ bẹ àwọn ìyá kí inú wọn lè rọ̀ sí ìlú. Àjọ UNESCO pàápàá ti kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ogún ìran ènìyàn láti 2001. Àmọ́ ní ilẹ̀ Àwórì kan náà yìí, ọjọ́ tí Orò bá jáde, obìnrin á wọlé, á tilẹ̀kùn, kò gbọdọ̀ yọjú lójú fèrèsé. À ń jó bẹ̀ ẹ́ lóṣù yìí, à ń fi igbe lé e wọlé lóṣù tó ń bọ̀. Àárín ijó àti igbe yẹn làwọn obìnrin méjèèjì yìí ti ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà wọ ibẹ̀.

Ti Fúnmiláyọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọlẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó ọ̀mọ̀wé ló dá sílẹ̀ ní 1932, wọ́n ń kọ́ aṣọ rírán, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń tẹ́ tábìlì. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí ni, a kì bá mọ̀ ọ́n. Àwọn oníṣòwò ló yí i padà. Ó ṣí kíláàsì àgbà fún àwọn obìnrin ọjà tí kò mọ̀wé, wọ́n ń kọ́ a-b-d lọ́dọ̀ rẹ̀, òun náà ń kọ́ ohun tí ojú wọn ń rí. Ó gbọ́ pé nígbà ogun Hitler, àwọn aláṣẹ ń gba ìrẹsì lórí àwọn tó ń tà á. Ó gbọ́ nípa owó orí tí wọ́n ti ń gba lọ́wọ́ obìnrin Ẹ̀gbá lọ́tọ̀ láti 1918: ọmọbìnrin tó bá pé ọdún 15 ti wọ ìwé owó orí, nígbà tí wọ́n ń fún ọmọkùnrin láyè di ọdún 16. Àwọn agbowó orí a máa já wọ ilé, wọ́n a tú aṣọ lára ọmọdébìnrin láti wo àyà rẹ̀ kí wọ́n lè sọ bóyá ó ti tó san. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà fi di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta ní 1946, Fúnmiláyọ̀, tó jẹ́ ìyàwó Ọ̀gá Àgbà ilé ìwé Gírámà Abẹ́òkúta, ti bọ́ gáùn sílẹ̀, ìró àti bùbá ló kù sí i lára. Yorùbá ló sì ń sọ níwájú àwọn aláṣẹ òyìnbó. Ẹni tí kò bá gbọ́, kó wá ògbufọ̀.

Ẹ wá wo oṣù kọkànlá ọdún 1947. Ìjọba kọ̀ láti fún wọn láyè ìwọ́de. Fúnmiláyọ̀ ní, àbí ta ló ń sọ ti ìwọ́de, ìgbafẹ́ ni àwọn ń lọ. Obìnrin tí wọ́n fojú bù sí 10,000 wá gba afẹ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà ààfin Aláké Adémọ́lá Kejì, wọ́n sì sùn síbẹ̀. Ṣáájú ọjọ́ náà, ó ti ń kọ́ wọn nínú ọgbà rẹ̀ bí wọn á ṣe ṣe bí ọlọ́pàá bá yin tajútajú. Ohun ìjà tí wọ́n kó dání kò ju orin lọ.

Kò sí ẹnì kan tó dá ni orin náà. Ẹnì kan á dá a, ẹgbẹẹgbẹ̀rún á gbè é. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá mú tó, ẹlòmíràn á fi èyí tó mú jù ú rọ́pò rẹ̀ kó tó di alẹ́. Wọ́n fi bú owó orí, wọ́n fi bú òyìnbó, wọ́n fi bú ọba tí ó fi ara rẹ̀ ṣe ọkọ gbogbo ìlú. Àwọn kan wà nínú rẹ̀ tí n kò ní tún kọ síbí. Ohun tí à ń fi aṣọ bò ni wọ́n dárúkọ lójú ọ̀sán gangan, wọ́n ní bó bá jẹ́ pé ìyẹn ni ọba fi ń jẹ gàba, àwọn náà kò wá sáyé lọ́wọ́ òfo. Ọ̀rọ̀ burúkú ni àbí ewì ni? Lójú tèmi, ewì ni, ó sì ní ìyá ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀fẹ̀ tó ń kọrin ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe: á dárúkọ ẹni tó jalè, á sọ ti ìjòyè tó jẹ owó ìlú, ẹnikẹ́ni kò sì ní mú un. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni Ẹ̀fẹ̀, ó wà nínú agọ̀, orúkọ àwọn ìyá ló sì fi ń kọrin. Ní Aké, àwọn ìyá gba orin náà lẹ́nu Ẹ̀fẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ láìbojú.

Àwọn ọkùnrin Ẹ̀gbá wá gbé Orò jáde kí wọ́n lè lé wọn wọlé. Àwọn tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé ṣe ni Fúnmiláyọ̀ gba igi Orò náà mọ́ wọn lọ́wọ́, ó gbé e lọ sílé, ó fi ṣe ohun àwòwò. Ẹni tó bá mọ ohun tí Orò jẹ́ á mọ̀ pé ìyẹn ju tajútajú lọ.

Ní 1948, wọ́n dáwọ́ owó orí obìnrin dúró. Ní oṣù keje ọdún náà Aláké fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Òṣogbo, ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 1949 ló sì kọ̀wé pé òun ti fi ipò sílẹ̀. Obìnrin mẹ́rin wọ ìgbìmọ̀ Ẹ̀gbá, Fúnmiláyọ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ibẹ̀ làwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń dúró sí, tí gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́. Èmi fẹ́ ká fi ìlà kan kún un: ní ìparí ọdún 1950, Aláké padà wá sórí ìtẹ́.

Bí ọba ṣe lè lọ kó sì tún padà, kí ayé obìnrin má sì yí tán láàrin lílọ àti bíbọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni Mọlará ti wúlò.

Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, Mọlará kọ àròkọ kan tó sọ pé obìnrin Áfíríkà pọ̀n òkè mẹ́fà. Ọ̀dọ̀ Mao ti Ṣáínà ló ti yá àfiwé náà: Mao ti ní àwọn òkè kan wà lẹ́yìn mẹ̀kúnnù Ṣáínà, pé obìnrin ní ọ̀kan lé sí i, ìyẹn ọkùnrin. (Fúnmiláyọ̀ dé Ṣáínà ní 1956, irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ ló sì jẹ́ kí ìjọba kọ̀ láti tún pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ohun tí ọ̀kan fojú rí, ìwé ni èkejì ti kà á.) Mọlará wá ka ti obìnrin Áfíríkà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìnira tó ti òkè òkun wá, ti amúnisìn àti ti àwọn tó jogún àga wọn. Àṣà tí a bá nílẹ̀. Ìfàsẹ́yìn, àìmọ̀wé àti òṣì tí ìjọba amúnisìn fi sílẹ̀ fún un. Ọkùnrin rẹ̀. Àwọ̀ dúdú rẹ̀ nínú ayé tí funfun ń darí. Èyí tó kẹ́yìn, tó sì ní ó burú jù, ni òun fúnra rẹ̀: èrò tó ti jókòó sí i lọ́kàn pé bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká gbé òkè wọ̀nyí lọ sí abẹ́ bíríìjì Sango láàárọ̀ kùtù. Láàrin àwọn tó ń bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ilé iṣẹ́, ẹ ó rí àwọn obìnrin tí wọ́n ti dúró láti alẹ́ ní ìdí ẹ̀rọ, tí wọ́n ń pọ ike tàbí bisikíìtì sínú páálí. Òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń bá ṣe kọ́ ló gbà wọ́n. Agbaṣẹ́ṣe kan ló kó wọn wá, òun náà ló ń san owó wọn lẹ́yìn tó bá ti yọ tirẹ̀. Bí ọwọ́ bá gé nídìí ẹ̀rọ, ilé iṣẹ́ á ní ẹ lọ bá agbaṣẹ́ṣe, agbaṣẹ́ṣe á ní inú ilé iṣẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ á délé, á pọn omi, á se oúnjẹ, á múra ọmọ fún ilé ìwé, kó tó gbé orí lé ìrọ̀rí. Bí ọkọ rẹ̀ tí kò níṣẹ́ bá wà nílé, òun náà ń retí oúnjẹ. Bí Orò bá jáde lálẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ alẹ́ kàn án, kó pa iṣẹ́ jẹ ni. Owó ọjọ́ náà ti lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ta ló fi ìyà jẹ ẹ́, á rẹ́rìn-ín, á ní bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ni.

Nínú ìlà díẹ̀ yẹn, òkè Mọlará ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Olówó ilé iṣẹ́ lè wà ní ìlú tí obìnrin yẹn kò ní dé láyé. Àṣà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọkọ wà nílé. Gbólóhùn tó sì fi parí ọ̀rọ̀, òkè kẹfà nìyẹn fúnra rẹ̀. Mi ò rí àròkọ mìíràn tó mọ Sango tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ Sango kọ́ ló wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà kan, mo ti dá Mọlará láre pátápátá. Fúnmiláyọ̀ ní ààfin tó lè sùn sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Obìnrin ilé iṣẹ́ Ọ̀tà kò ní ààfin. Ta ló fẹ́ lọ kọrin bá? Ṣé agbaṣẹ́ṣe tí ọ́fíìsì rẹ̀ jẹ́ yàrá kan nínú ilé alájà méjì? Ṣé ẹni tó ni ilé iṣẹ́, tí orúkọ rẹ̀ kò sí lára géètì? Ṣé ọkọ?

Bí mo ṣe ń ro ó síwájú sí i ni mo wá rí i pé àlàyé yẹn kò ṣe Fúnmiláyọ̀ dáadáa. Ààfin kò fi bẹ́ẹ̀ hàn kedere ní 1946 náà. Ohun tí obìnrin ọjà Abẹ́òkúta ń rí ní ojoojúmọ́ ni agbowó orí, ọlọ́pàá tó ń gba ìrẹsì, wolé-wolé, akọ̀wé kóòtù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ló ń ní kì í ṣe òun, wọ́n rán òun ni. Òyìnbó ajẹ́lẹ̀ ní ọba ló ni ìlú, ọba ní òyìnbó ló ni àṣẹ. Iṣẹ́ tí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta fi ọdún méjì ṣe, òun ni pé wọ́n kó gbogbo ọwọ́ wọ̀nyí jọ sórí orúkọ ẹyọ kan, ìyẹn Aláké tí òfin òyìnbó fi ṣe aláṣẹ kan ṣoṣo, tí wọ́n sì fi orúkọ náà kọrin títí gbogbo ìlú fi mọ̀ ọ́n kọ. Ààfin náà wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ orin ló jẹ́ kó di ibi tí a lè lọ. Agbára ewì kò ju ìyẹn lọ ní ibikíbi láyé. Ìwé Mọlará, ó tú ìyà sí mẹ́fà kí ojú lè ríran; orin Fúnmiláyọ̀, ó di ìyà pọ̀ sí ọ̀kan kí ọwọ́ lè bà á. Ẹni tó bá ní kí n yan ọ̀kan, kó kọ́kọ́ sọ fún mi bóyá a ṣì ń wá ọ̀nà ni tàbí a ti ń lọ.

Ibi kan wà tí àwọn méjèèjì ti ta ko ara wọn gan-an, tí n kò sì lè fi ọgbọ́n bá wọn parí rẹ̀. Ní 1947, nígbà tí Fúnmiláyọ̀ bá ikọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, òun nìkan ṣoṣo ni obìnrin tó wà nínú wọn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Daily Worker pé kí òyìnbó tó dé, obìnrin ilẹ̀ wa àti ọkùnrin jọ ń gba ẹgbẹ́ ni, pé òyìnbó ló gba ilẹ̀ àti oyè mọ́ obìnrin lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn, ó sì wúlò níwájú àwọn òyìnbó tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. A ní Ìyálóde, a ní obìnrin tó ń ya ológun lówó. Mọlará kò gbà á tán. Lójú tirẹ̀, àṣà wa fúnra rẹ̀ ga bí òkè, ó ti wà lẹ́yìn obìnrin kí ọkọ̀ ojú omi òyìnbó tó gúnlẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé Ọ̀tà kò lè ṣe bí ẹni tí kò mọ èyí tó sún mọ́ òótọ́ jù. Òyìnbó kọ́ ló kó Orò wá. Mo fara mọ́ Mọlará níbí. Ohun tó kàn yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tó sọ ní Lọ́ńdọ̀nù pé àṣà kò ní ẹ̀bi, òun náà ló gba igi Orò ní Abẹ́òkúta. Ó jọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ ohun tí kálámù rẹ̀ kò fẹ́ kọ.

Ọ̀rọ̀ yàrá tọkọtaya náà ńkọ́? Orin 1947 sọ ti ọkọ, ṣùgbọ́n ọba ló fi ń ṣe ọkọ. Ìjà owó orí kò wọ inú ilé ẹnikẹ́ni. Ilé Fúnmiláyọ̀ fúnra rẹ̀ tòrò. Ẹni ọ̀wọ̀ Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti tó fẹ́ ní 1925, tó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni nínú ìjà, títí tó fi kú ní 1955. Ó ṣeé ṣe kí ìrọ̀rùn yẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kó wo ibẹ̀ dáadáa. Mọlará wò ó. Àròkọ rẹ̀ inú Sisterhood Is Global, ìwé tí Robin Morgan kó jọ ní 1984, ìgbéyàwó àti ipò ìyàwó ló dá lé nílé wa níbí, kò sì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Women in Nigeria sílẹ̀ ní 1982, tí wọ́n ní ẹ̀yà obìnrin àti ìpín tálákà kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ọ̀mọ̀wé ń fi ọ̀rọ̀ "feminist" jà á níyàn pé ti òyìnbó ni, ó gbé e fún wọn, ó sọ tirẹ̀ ní Stiwa nínú ìwé rẹ̀ ti 1994, Re-Creating Ourselves, ó ní ohun tí òun ń fẹ́ ni àtúnṣe àwùjọ Áfíríkà tí obìnrin wà nínú rẹ̀. Ọgbọ́n alárìíyànjiyàn nìyẹn: mú orúkọ náà lọ, fún mi ní iṣẹ́ náà. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n dákẹ́ tán.

Àmọ́ èdè wo ló fi sọ gbogbo èyí? Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ọ̀mọ̀wé, èyí tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Leiden ní ilẹ̀ àwọn Dọ́ọ̀ṣì. Ewì rẹ̀ tó fi bú àwọn ọ̀làjú ẹgbẹ́ rẹ̀, "song at the african middle class", àwọn ọ̀làjú yẹn nìkan ló lè kà á. Ìwé rẹ̀ lè wà ní yunifásítì tó wà lójú ọ̀nà Ìdírókò. Obìnrin tó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́nu géètì kò ní mọ̀ pé òun ló wà nínú rẹ̀. Àwọn kan á ní a kò gbọdọ̀ fi ìyẹn bá a wí, pé àwọn tó ń ṣòfin ló ń bá sọ̀rọ̀, pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbọ́. Mo gbà, ìdajì. Fúnmiláyọ̀ náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ògbufọ̀. Èyí ni ibi tí òṣùwọ̀n ti tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ jù lọ lójú mi. Ọ̀rọ̀ tí obìnrin kò lè gbè lẹ́nu, kò lè gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n ya díẹ̀. Audre Lorde, akéwì Amẹ́ríkà tó jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú àti ti obìnrin, ó wá sí Dàhọ̀mì ní nǹkan bí 1974, àwọn òrìṣà ìhà ọ̀dọ̀ wa, Yemọja pẹ̀lú wọn, sì kún inú The Black Unicorn tó tẹ̀ jáde ní 1978. Ọ̀nà Ìdírókò tó gba Ọ̀tà kọjá, Dàhọ̀mì yẹn, tí à ń pè ní Benin lónìí, náà ló ń lọ. Lorde tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì láti New York ń wá Yemọja. Mọlará tó jẹ́ ọmọ ìhà ọ̀dọ̀ Yemọja ń wá Gẹ̀ẹ́sì tí ayé á fi gbọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe kọjá lára ara wọn lójú ọ̀nà nìyẹn. Kò sí ẹni tí mo bínú sí nínú wọn.

Owó tí kálukú san kò dọ́gba, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, ṣọ́jà ya wọ ilé Fẹlá ọmọ Fúnmiláyọ̀ ní Èkó, wọ́n dáná sí i, wọ́n ju ìyá ẹni ọdún 76 láti ojú fèrèsé òkè. Kò tún gbádùn mọ́. Ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1978 ló kú. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ṣọ́jà tí a kò mọ̀ ló ṣe é. Fẹlá gbé pósí lọ sí Dodan Barracks, ibùjókòó ìjọba ológun, kí ìjọba Ọbásanjọ́ tó gbé àga sílẹ̀ ní 1979. Lẹ́yìn náà olórí ìjọba náà wá dá oko sí Ọ̀tà, adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹyin lóko ní Ọ̀tà láti ìgbà náà, mélòó nínú wọn ló mọ bí ìtàn ìyá Abẹ́òkúta yẹn ṣe parí?

Bí wọ́n bá ní kí n pe ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì wá sí ìpàdé àwọn obìnrin ilé iṣẹ́ ní Sango ní ọjọ́ Àìkú, Ìyá Kúti ni màá pè. Tí ó bá fi máa di agogo méjì ọ̀sán, wọ́n á ti mọ orúkọ agbaṣẹ́ṣe, wọ́n á ti mọ ọ́n kọ, ẹnì kan á sì ti bú u débi tí a kò lè kọ sínú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ìwé tí màá fún un kà nínú mọ́tò láti Abẹ́òkúta, ti Mọlará ni. Kó tó dé Ìtórí, á ti gbà pé òkè kìíní sí ìkẹta jẹ́ òótọ́. Nígbà tó bá dé Ìfọ̀, á ti máa jiyàn lórí ìkẹrin. Ìkẹfà, èyí tó ní obìnrin ni òkè fún ara rẹ̀, mo ń rò ó pé ṣe ni yóò pa ìwé dé, á ní irọ́ ni, pé òun ti gbé pẹ̀lú 10,000 wọn níta ààfin, òun kò rí òkè kankan lẹ́yìn wọn tí ẹlòmíràn kò gbé síbẹ̀. Lórí ìyẹn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo wà.